Bí Wọ́n Ṣe Mú Ológbò Àgbà Jẹun ní Ìlútítun

Ní Ìlútítun, ológbò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ilé tí wọ́n bá ń kó ẹja gbígbẹ pamọ́ sí, tí àpò gàrí wà ní igun yàrá, tí púpurú sì wà lókè ààrò níbi tí èéfín ti ń fẹ́ ẹ, kò sí bí eku kò ṣe ní í mọ ọ̀nà ibẹ̀. Eku agbègbè wa kì í sì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù lọ ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tó bá kó o lọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ohun tí ará ilé lè ṣe kí eku má bàa sún mọ́ wọn, ó ka ìmọ́tótó, ó ka kí a máa de oúnjẹ dáadáa, ó sì ka ológbò mọ́ ọn. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ránṣẹ́ pe dókítà ẹran láti Òkìtìpupa nítorí ológbò, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò ti bá yín rín in.

Ológbò náà ti lé ní ọdún 12. Akọ ni, àwọ̀ eérú, etí rẹ̀ ọ̀tún ti ya níbi ìjà àtijọ́. Músù ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń pè é. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń jó, ṣùgbọ́n ta ni í ka omi tí ológbò ń mu? Ìgbà tí ó kọ orí ẹja ni ìyá náà tó fura. Ológbò ẹlẹ́ja tó kọ orí ẹja, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ààwẹ̀ kò bá ológbò lára mu rárá. Ajá lè wà láìjẹun fún ọjọ́ mélòó kan kí ó sì dìde, àwa ènìyàn náà ń gbààwẹ̀. Ti ológbò yàtọ̀. Bí kò bá jẹun, ara rẹ̀ á máa kó ọ̀rá tó ti tọ́jú pamọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀dọ̀ lè sọ ọ́ di agbára, ẹ̀dọ̀ ológbò kò sì lè tètè ṣe iṣẹ́ náà tán. Ọ̀rá á kún inú ẹ̀dọ̀ bámúbámú, ẹ̀dọ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀, funfun ojú àti inú etí á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Inú á wá máa ru ẹranko náà ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò ní í fẹ́ rí oúnjẹ sójú mọ́. Àìjẹun bí àìsàn, àìsàn sì tún bí àìjẹun. Èyí tó sanra ló tètè ń kó sínú rẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ẹran fi ń ka ọjọ́: bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ṣọ́ ọ, bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e wá.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n wa ní àdúgbò. Ẹnì kan ní kí wọ́n po mílíìkì alágolo, kí wọ́n sì fi ṣúgà sí i kí ó lè wù ú jẹ. Ológbò kò mọ adùn ṣúgà. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Monell Chemical Senses Center, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé jíìnì tí ì bá jẹ́ kí ahọ́n ológbò mọ ohun dídùn ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ bu ṣúgà sí i títí, asán ni. Mílíìkì fúnra rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń fà fún ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà. Ẹlòmíràn ní epo pupa ni kí wọ́n fún un, bóyá ó ti pa eku tó jẹ májèlé. Ìfura yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí òògùn eku ń pa ológbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo tí a bá dà sí ẹranko tí kò lókun lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kò sì ní í wo májèlé kankan. Ẹnì kẹta mú panadó wá. Ìyá Ẹlẹ́ja kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ni. Ara ológbò kò ní ohun tí ara wa fi ń tú òògùn yẹn ká. Ẹyọ kan ṣoṣo tó láti pa á.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ jù ni ìyá arúgbó kan tó ní kí wọ́n gbé e sórí itan, kí wọ́n rọ ọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tó ń sọ. Àìmọye wa ni wọ́n ti rọ ní àgbo àti ẹ̀kọ, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ síwájú ẹnu àti imú wa, tó fi jẹ́ pé bí a kò bá gbé e mì a kò ní í rí èémí mí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ọmọdé ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá nípa rẹ̀. N kò ní í sọ pé kò gba ọgbọ́n ọwọ́. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo jókòó láti yìn yìí, òdì rẹ̀ gan-an ni.

Dókítà náà dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì dúdú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò fọwọ́ kan ológbò. Ó jókòó sórí àpótí nítòsí ibùsùn tí Músù sá sí abẹ́ rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ gbé ohun tó fẹ́ràn jù síwájú rẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀.” Ìyá Ẹlẹ́ja bu ẹja sí àwo, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, ó kúrò níbẹ̀.

Músù dìde. Ó rìn wá sídìí àwo, ó na ọrùn sí i, ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Lẹ́yìn náà ó fi ahọ́n lá ètè, ó tún lá a, ó gbé itọ́ mì, ó sì yíjú padà. Ojú tèmi rí ológbò tó kọ oúnjẹ, kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ti rí i pé ó dìde fúnra rẹ̀ wá sídìí oúnjẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé ebi ṣì ń pa á. Ó ti rí i pé imú rẹ̀ mọ́, pé ó gbóòórùn ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kátá ló dí imú rẹ̀ ni, ológbò tí kò gbóòórùn oúnjẹ kì í jẹ ẹ́. Ó ti rí i pé kò gbé ẹja sẹ́nu kí ó tó jù ú nù, kò sì dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí eyín ń dùn. Ahọ́n tó ń lá ètè àti itọ́ tó gbé mì ló sọ èyí tó kù fún un.

“Ebi ń pa á, Màmá. Èébì ló ń gbé e.”

“Kò bì o. Mi ò rí èébì nílẹ̀ kankan.”

“Ṣé gbogbo ẹni tí èébì bá ń gbé náà ló ń bì, Màmá?”

Ìyá Ẹlẹ́ja dákẹ́. Ó bí ọmọ mẹ́fà, ó mọ̀.

Ìgbà yẹn ni dókítà tó gbé e. Kò gbá a mú lọ́rùn bí a ṣe ń ṣe. Ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí itan, ó jẹ́ kí ológbò wọ inú rẹ̀ lọ, ó wá ń ṣí ara rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, kò ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ètè sókè, ó fi ìka kan èrìgì: ó gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ó ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni òun fi ń mọ̀ bí omi bá ti tán lára arúgbó ológbò, nítorí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí à ń fà láti fi mọ̀ ọ́n kì í tètè padà sípò mọ́ bó tilẹ̀ mu omi yó. Ó wo inú etí bóyá ó ti ń pọ́n. Kò tí ì pọ́n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pàdé ara wọn lábẹ́ ikùn, ojú rẹ̀ lójú wa, ìka rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kíndìnrín ológbò ṣeé fọwọ́ bà láti òde bí ọwọ́ bá mọ ibi tí yóò wá a sí. Ti Músù ti kéré, ó le, ara rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ó ní òun yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù kí òun tó fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ kíndìnrín ni òun ń wò, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára ológbò tó bá ti kọjá ọdún 10. Ìdọ̀tí tó yẹ kí ó bá ìtọ̀ jáde ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń ru ú nínú.

Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹja, nínú apẹ̀rẹ̀. Kílò 3 ni, lẹ́yìn tí Ìyá Ẹlẹ́ja ti yọ ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ kúrò kí dókítà tó ronú kàn án. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ẹlẹ́ja ní ìyẹn.

Omi ló kọ́kọ́ fún un. Ó ti ki àpò dírípù bọ inú omi gbígbóná tẹ́lẹ̀ kí òtútù rẹ̀ má bàa ta ológbò jí, ó gbé awọ àárín èjìká sókè bí àgọ́, ó ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, omi sì ń wọlé. Músù kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó le jù fún ìyá náà láti gbọ́: “Ẹ gbé ẹja yẹn kúrò níwájú rẹ̀, Màmá. Kí ó má tilẹ̀ rí i.”

Níbí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, ní ojú tèmi. Ológbò kì í gbàgbé. Oúnjẹ tí ó bá wà níwájú rẹ̀ nígbà tí inú ń ru ú, oúnjẹ yẹn ni yóò ka àìsàn náà sí lọ́rùn. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá, kò ní í fẹnu kàn án mọ́. Ẹni tó bá ń fi ohun tí ológbò fẹ́ràn jù lọ̀ ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ohun ìjà tó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tí kò mọ iṣẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ dókítà, ó bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja, èyí ni mo sì gbádùn jù. Ó fi omi lásán se àrọ̀ tútù kan. Kò sí ata, kò sí iyọ̀, kò sí Magí, pàápàá jù lọ kò sí alùbọ́sà, nítorí alùbọ́sà, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò jẹ́, áyù náà sì burú bákan náà. Ó sè é jinná, torí pé àwọn ẹja kan wà tí ohun kan nínú wọn ń ba fítámì B1 jẹ́ bí a bá jẹ wọ́n ní tútù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eegun. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ná ẹja lọ́wọ́, kò sì wo inú abọ́ rárá. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń yí ẹran ẹja náà gbirigbiri. Ibi tí àtàǹpàkò bá ti dúró, eegun wà níbẹ̀, ó ti já bọ́ sílẹ̀ kí iye tí ó fẹ́ tà á tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo bá a tún èyí tó ti yọ tán yẹ̀ wò. N kò rí ẹyọ kan.

Ó fi omi ẹja náà gún un títí tó fi rọ̀. Ó wá bu omi gbígbóná lé ẹ̀hà ẹja gbígbẹ kan tí wọ́n gbé wá láti Igbókòdá, ó jẹ́ kí òórùn rẹ̀ jáde, ó kán díẹ̀ nínú omi náà sórí oúnjẹ. Ó kán an sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ láti mọ bó ṣe lọ́wọ́ọ́rọ́ tó. Eku tí ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara alààyè. Oúnjẹ tó bá tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sánsán, imú sì ni ológbò kọ́kọ́ fi ń jẹun. Àwo pẹrẹsẹ ló bù ú sí, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń ṣa ẹja rẹ̀ lọ. Kò pè é. Kò wò ó.

Mo gbọ́ ahọ́n kí n tó rí i. Músù lá omi orí rẹ̀, ó fi ẹran sílẹ̀. Mo fẹ́ pariwo. Ìyá náà na ìka sí mi. Kò pẹ́ ni ó gbé àwo náà kúrò, ó da èyí tó kù nù. Kò bẹ̀ ẹ́ kí ó tún jẹ. Nígbà tí ó tún di wákàtí bíi méjì, ó gbé òmíràn kalẹ̀, ní ọ̀tun, ní lílọ́wọ́ọ́rọ́.

Dókítà ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀. Ológbò tó tó kílò 3 nílò bíi kálórì 160 lóòjọ́ bí ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 150 ẹja sísè tí kò lọ́ràá púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lépa, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà púpọ̀, nítorí ara tó ti gbàgbé oúnjẹ kì í fara da kí a dà á sí i gìjà.

Lọ́jọ́ kejì, ohun tó ń lá kò tó. Dókítà mú sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ jáde, ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han ìyá náà. Ológbò jókòó lórí ikùn ara rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ẹni tó ń fún un, imú rẹ̀ lómìnira, orí rẹ̀ gún régé, a kò gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni sìríńjì ń gbà wọlé, lẹ́yìn eyín gígùn, níbi tí àyè díẹ̀ wà. Ìdajì mílílítà. A dúró. A wo ọ̀nà ọ̀fun títí yóò fi gbé e mì. Ìdajì mìíràn. “Bí ó bá ti fi etí lélẹ̀ báyìí, Màmá, a ti parí nìyẹn, ì báà ṣẹ́ku.”

Mo ń wo ọwọ́ òsì Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọwọ́ tó ti rọ ọmọ mẹ́fà àti ọmọ-ọmọ ni. Gbogbo ìgbà tí sìríńjì bá ti wọlé, ọwọ́ òsì náà á gbéra, ó fẹ́ lọ di àgbọ̀n mú, ó fẹ́ gbé orí sókè. Ó rí i fúnra rẹ̀. Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan parí iṣẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo tún rí àgbàlagbà tó kọ́ nǹkan ní kíá báyẹn.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó ni gbogbo èyí. Lóòótọ́, lọ́dọ̀ wọn òògùn ti pọ̀ sí i. Láti ọdún 2018 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìpara mirtazapine tí wọ́n ń fi pa inú etí ológbò kí ó lè sanra. Bí ọ̀ràn bá sì le, wọ́n a fi oorun kùn ún, wọ́n a ki rọ́bà tín-ínrín gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sínú ọ̀nà oúnjẹ, ológbò á sì máa gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbìkítà. Rọ́bà yẹn ló ń gba èyí tí ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ là jù. Síbẹ̀, ẹ wo gbogbo rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: ẹ mú ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kúrò, ẹ má bá a jà lẹ́nu. Ní ti owó, nígbà tí aládùúgbò bi Ìyá Ẹlẹ́ja pé èló ló ná lé ológbò lórí, èsì rẹ̀ ni pé, “Èló ni àpò gàrí kan tí eku tọ̀ sí?”

Ó ń fi èédú sàmì sára ògiri ilé ìdáná: ìlà kúkúrú bí Músù bá lá a, ìlà gígùn bí ó bá jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí dókítà padà wá, ògiri ni ó kọ́kọ́ kà kí ó tó bèèrè ológbò. Èsì ẹ̀jẹ̀ ti jáde, kíndìnrín ni. Kò fi í pamọ́ fún un: “Yóò máa jẹun, Màmá, ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ti lọ kò padà mọ́. Tí ọjọ́ kan bá dé tí gbogbo èyí kò ràn án mọ́, ẹ pè mí, ẹ má jẹ́ kí ó jìyà.” Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Ó bi í bóyá kí òun ṣì máa fi omi ẹja Igbókòdá sí i. Dókítà ní kí ó máa fi sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Músù jí orí ẹja gbé nínú agbọ̀n oníbàárà tó ti sanwó. Oníbàárà bínú gidi. Ìyá Ẹlẹ́ja fún un ní méjì dípò ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ológbò yín bá ti kọjá ọdún 10, ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, òṣùwọ̀n ọjà tó o. Kí ẹ sì máa kíyè sí omi tó ń mu. Bí ó bá kọ oúnjẹ títí di ọjọ́ kejì, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má rọ ọ́, kí ẹ sì gbé panadó yẹn padà sínú àpótí òògùn.